Bí ọ̀gá bá fẹ́ ṣìnà, ṣé igbákejì lè sọ̀rọ̀? Ẹ̀kọ́ tó le jù fún awakọ̀ bàálù tuntun

Àwọn àgbẹ̀ Ìjù àti Ìta-Ògbólú mọ ìró bàálù dáadáa. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, tí Ìjù àti Ìta-Ògbólú jẹ́ olú-ìlú fún, náà ni pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ wà, ní ìhà Ọbà-Ilé lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Bí bàálù bá ń bọ̀ láti Èkó, ẹni tó wà lóko yóò gbójú sókè, yóò wò ó díẹ̀, yóò sì padà sídìí ebè rẹ̀. Àwọn tó máa ń rò ó pé ènìyàn méjì ló jókòó síwájú nínú ohun tó ń fò yẹn kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lè sọ bóyá gbogbo èrò ẹ̀yìn wọn yóò délé tàbí wọn kò ní délé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2013, bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Embraer 120, ti ilé-iṣẹ́ Associated, gbéra ní Ìkẹjà. Àkúrẹ́ ló ń bọ̀. Òkú gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀ rí, Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, ló gbé, pẹ̀lú àwọn tó ń sin òkú náà bọ̀ wálé. Ọmọ Ìjù-Odò ní agbègbè Òkìtìpupa ni Àgágù, kì í ṣe Ìjù ti Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n pápákọ̀ Àkúrẹ́ ni bàálù náà ì bá balẹ̀ sí. Kò dé ibẹ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó kúrò nílẹ̀ tó fi já lulẹ̀. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, 16 sì kú. Kọmíṣọ́nnà fún àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Dèjì Fálaè, wà lára àwọn tó bá a lọ.

Irú bàálù bẹ́ẹ̀ máa ń ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àwọn awakọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí ìjọba àpapọ̀ gbọ́ ti inú bàálù yìí, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ bani lọ́kàn jẹ́. Bàálù náà ṣì ń sáré nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti ń fi ohùn bí ti ènìyàn kìlọ̀ pé irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn apá rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń nà síta kí afẹ́fẹ́ lè gbé bàálù sókè, kò sí bó ṣe yẹ kó wà, àti pé nǹkan ń ṣe abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Igbákejì awakọ̀ sọ ọ́ pé bàálù náà ń lọ́ra. Nígbà tó ṣe, ó bèèrè bóyá kí wọ́n dá eré náà dúró. Wọn kò dúró.

Nínú àbọ̀ ìwádìí náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kà sí okùnfà ni pé àwọn awakọ̀ ń bá eré lọ nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ti ń ṣe ségesège. Wọ́n fi kún un pé àwọn awakọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ pọ̀ bó ṣe yẹ, pé ìṣe ilé-iṣẹ́ náà kù díẹ̀ káàtó, àti pé àwọn tí ìjọba ní kó máa ṣọ́ wọn kò ṣọ́ wọn tó. Ìbéèrè tó wá ṣẹ́ kù ni pé, kí ni wọ́n ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ wa bàálù, tí ẹni tó rí ewu fi lè wà níbẹ̀ tí ewu náà sì tún ṣẹlẹ̀?

Bí ọmọ kan bá gbéra láti Ìjù lónìí láti kọ́ iṣẹ́ yìí, ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ bàálù ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, tó ti wà láti ọdún 1964. Ibẹ̀ ni Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, ti kọ́ṣẹ́, òun náà ló sì padà di ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ní ọdún 2011. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Ìlọrin. Dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ ojú, etí àti ọkàn ọmọ náà wò. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan kọ́ṣẹ́, tí olùkọ́ rẹ̀ yóò jókòó tì í, títí di ọjọ́ tí olùkọ́ náà yóò sọ̀ kalẹ̀, tí yóò ní kó máa dá lọ.

Wákàtí ni wọ́n fi ń díwọ̀n awakọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti fò tó bíi 200 wákàtí kó tó gba ìwé àṣẹ tó lè fi gbowó oṣù, kó sì tó 1,500 kó tó gba èyí tó ga jù, tí ọ̀gá awakọ̀ bàálù ńlá máa ń ní. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wákàtí òfurufú ni àkísà awakọ̀.

Ìwé àṣẹ nìkan kò sọ pé iṣẹ́ ti dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà ló gbà á tán tí wọ́n tún padà jókòó sílé, nítorí ẹni tó ti nírìírí ni àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fẹ́. Ẹni tí orí bá bá a ṣe é, tí ilé-iṣẹ́ gbà, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí ẹni tó mọ ọkọ̀ Fọ́ọ̀gì wà kò ṣe lè dédé gun tírélà, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kò lè dédé wọ inú bàálù tí kò kọ́. Ó ní láti mọ bàálù tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò, ìbáà ṣe ATR, ìbáà ṣe Embraer, látorí epo dé orí táyà.

Lẹ́yìn kíláàsì, wọn yóò mú un lọ sínú ẹ̀rọ kan tó dà bí imú bàálù tí wọ́n gbé sórí ẹsẹ̀ irin. Ẹ̀rọ náà ń mì, ó ń tẹ̀, ó sì ń fi ìlú àti ìkùukùu han ẹni tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lójú kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè òkun ni púpọ̀ nínú awakọ̀ Nàìjíríà ti ń lọ lò ó. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti lè dáná sun ẹ́ńjìnnì láìsí pé ẹnikẹ́ni fara pa. Bí ó bá yege, yóò wa bàálù gidi tó kó èrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá awakọ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti kọ́ni. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, yóò máa padà wá ṣe ìdánwò.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò rọrùn bí aṣọ funfun wọn ṣe ń dán. Ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra láàárọ̀ gbọ́dọ̀ ti jí kí àkùkọ tó kọ. Yóò yí bàálù po, yóò wo táyà, yóò wo apá. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò máa ka ìwé àyẹ̀wò, tí èkejì yóò máa dáhùn. Ìrìn-àjò Èkó sí Àkúrẹ́ kò tó wákàtí kan, nítorí náà bàálù kékeré lè gbéra kó sì balẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Gbígbéra àti bíbalẹ̀ ni ewu sì pọ̀ sí jù. Lásìkò ọyẹ́, èrùkù a bo ojú ọ̀run. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bàálù kì í balẹ̀ sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Awakọ̀ tó bá ní òun kò lọ yóò gbọ́ èébú èrò.

Ilé-iṣẹ́ tó náwó lórí ẹ̀kọ́ awakọ̀ tuntun sì sábà máa ń mú un tọwọ́ bọ̀wé pé yóò sin àwọn fún iye ọdún kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò san owó padà. Ẹni tó jẹ gbèsè, tó pẹ́ kó tó ríṣẹ́, tó wá jókòó ti àgbà tó ní ìlà mẹ́rin léjìká, ǹjẹ́ yóò rọrùn fún un láti sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ ti ṣì í”?

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì kọlu ara wọn nínú kùrukùru ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti Spéènì. Ènìyàn 583 ló kú. Ọ̀gá tó ń wa ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn níṣẹ́. Ó ti ń sáré lọ láìgba àṣẹ nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀ bèèrè bóyá bàálù kejì kò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn irú àwọn ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà pe ìpàdé ní ọdún 1979. Nígbà tó di 1981, ilé-iṣẹ́ United bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ náà ti di dandan káàkiri ayé báyìí, Nàìjíríà náà kò sì gbẹ́yìn.

Wọ́n ń kọ́ igbákejì pé kó kọ́kọ́ bèèrè: “Ọ̀gá, ṣé ẹ rí iná yẹn?” Bí ọ̀gá kò bá ṣe nǹkan kan, kó sọ ohun tó rí ní pàtó. Bí ìyẹn náà kò bá wọlé, kó sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: “Ẹ jẹ́ ká dúró.” Bí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kó pàṣẹ, kó sì gba ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ dá ẹnu dúró sórí ìbéèrè. Ọ̀gá náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: kó tó gbéra, kó sọ fún igbákejì pé bó bá rí ohun tí òun kò rí, kó wí, bó bá sì wí, kó má ṣe bú u, ìbáà jẹ́ pé ó ṣì í sọ.

Èyí ló le jù fún ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ ilé náà dára, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo oko Ìjù. Bí ọmọ bá rí ejò lẹ́yìn bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè, ṣé yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó pariwo? Bí ó bá sì pariwo, ṣé bàbá yóò bèèrè ìdí tó fi gbóhùn sókè sí òun, àbí yóò fò kúrò níbẹ̀?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òun náà la fi ń gbé bàálù dé Àkúrẹ́.