Ẹlẹ́dẹ̀ yín ń húkọ́: ẹ má fi falẹ̀



Ẹlẹ́dẹ̀ tí ó jẹun yó lánàá lè kú lónìí. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kan tí ojú wa kò lè rí ni ó ń fà á. Àwọn dókítà ń pè é ní Actinobacillus. Ó ń ti imú ẹlẹ́dẹ̀ kan dé imú èkejì.

Ṣé ara ẹlẹ́dẹ̀ kì í jà ni?

Ó ń jà. Ara dà bí ìlú. Láyé àtijọ́, àwọn oníbodè ń ṣọ́ Ìdẹ́nà ní Kétu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀fóró ẹlẹ́dẹ̀ ní ọmọ ogun tirẹ̀. Bí kòkòrò bá wọlé, wọ́n á ké sí àwọn yòókù tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ta ni ó ń pàṣẹ fún wọn? Ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan jogún àwọn àṣẹ kéékèèké lára bàbá àti ìyá rẹ̀. Jẹ́ẹ̀nì ni orúkọ wọn. Nígbà tí ara bá le, púpọ̀ nínú wọn ń sinmi. Bí kòkòrò bá dé, wọ́n á jí, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìjà. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Denmark sọ ohun tí wọ́n rí. Kí ọjọ́ kan tó pé, jẹ́ẹ̀nì ti jí nínú ẹ̀dọ̀.

Kí ló dé tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń kú?

Kòkòrò yìí ní oró. Oró náà ń pa àwọn ọmọ ogun. Ìjà náà sì ń ba ilé jẹ́: omi àti ẹ̀jẹ̀ á kún ẹ̀dọ̀fóró, èémí á há. Ara ẹlẹ́dẹ̀ tí ó le ń gbóná tó ìwọ̀n 39. Ti aláìsàn lè dé 41.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ má kó ẹlẹ́dẹ̀ púpọ̀ sínú ilé kékeré. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.
2. Ẹ máa kó ìgbẹ́ wọn dànù, kí ilẹ̀ lè gbẹ.
3. Ẹ dá ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èyí tí àrùn ti mú rí, tí ó sì yè, lè ní kòkòrò nímú láìhúkọ́.
4. Bí ọ̀kan bá kọ oúnjẹ, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn ń ṣiṣẹ́ bí a bá tètè lò ó.
5. Ẹ má sáré tà á. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ tí ó pa ẹran rẹpẹtẹ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 1997 náà ń mú kí ara gbóná, kí ẹran kọ oúnjẹ. Ìyẹn kò ní oògùn. Dókítà ni ó lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ẹ bá tà á, ẹ lè gbé ikú lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní: àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ń tètè jí. Kí ẹ̀yin náà tètè jí.

Ẹ jọ sọ ọ́: Ní abúlé yín, ta ni ẹ lè ránṣẹ́ sí bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń húkọ́?