Ìtọ́jú Oúnjẹ Tí Ó Ṣẹ́kù

Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Ẹni tí ó ń da oúnjẹ nù, owó àti làálàá àgbẹ̀ ni ó ń dà nù. Àwọn ìyá wa mọ èyí láti ayébáyé. Iṣu sísè tí ó bá ṣẹ́kù lálẹ́, wọn a fi epo dín in láàárọ̀; ọbẹ̀ tí a kò bá jẹ tán, wọn a tún gbé e kaná kí ó hó, kí ó má baà kan.

Lóde òní, fíríìsà ti ń ran ni lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n òtútù kì í pa kòkòrò àrùn. Ṣe ni ó ń dá wọn dúró. Ọbẹ̀ tí ó ti kan kí ó tó wọ inú fíríìsà, ní kíkan náà ni yóò jáde. Nítorí náà, oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Kí a bù ú sí abọ́ kéékèèké, kí ó lè tètè tutù, kí a sì dé e. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, ìwọ̀n tí a óò jẹ tán ni kí a gbé jáde, kí a sì gbé e kaná títí yóò fi hó.

Bí iná mànàmáná bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí fíríìsà, kí òtútù inú rẹ̀ má baà tán kíákíá. Oúnjẹ tí ó bá ti yọ́, tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, kí a dà á nù láìkábàámọ̀, nítorí owó oúnjẹ àná kò tó owó oògùn.