Òróró Ewé Ṣíìhù àti Bakitéríà

Ní aṣálẹ̀ Sínáì àti ti Negev, àwọn darandaran Bedouin a máa se ewé ṣíìhù, Artemisia herba-alba, mu fún inú rírun. Bí a bá fi oru omi fa òróró olóòórùn rẹ̀ jáde, tí a sì kán an sórí àwo ìwádìí, Staphylococcus aureus sábà máa ń tètè kú ju Pseudomonas aeruginosa lọ, nítorí pé èyí ìkẹyìn ní awọ kejì lóde tí òróró kì í tètè là kọjá.

Ṣùgbọ́n fífẹ̀ ojú ibi tó mọ́ nínú àwo kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dájú: òróró kì í pò mọ́ omi, a sì máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èròjà rẹ̀ ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Kámfọ̀ ló pọ̀ nínú òmíràn. Nínú òmíràn, thujone ni, èyí tí í fa gìrì bó bá pọ̀jù.