Aago Inú Tẹ́ẹ̀sì Kì Í Dá Rìn

Ẹ tún ti ń kọ̀wé sí mi: tẹ́ẹ̀sì yege lórí kọ̀ǹpútà yín, ó dé orí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ó kùnà. Mo ní kí ẹnì kan fi kóòdù rẹ̀ hàn mí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ bí mi nínú: ó ní kí tẹ́ẹ̀sì sùn fún sẹ́kọ́ǹdì 3 kó tó wo ojú ìwé. Àtúnṣe kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó yá á ti parí, á wá jókòó lásán. Irú tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ 200 ti gba ìṣẹ́jú 10 lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká fi àpótí ìwákiri ṣe àpẹẹrẹ àtúnṣe gidi. Ó ń dúró fún mìlísẹ́kọ́ǹdì 300 lẹ́yìn lẹ́tà tí èèyàn tẹ̀ kẹ́yìn, kó tó lọ béèrè lọ́wọ́ sáfà. setTimeout ló fi ń ka àkókò. Bí ẹ bá pe jest.useFakeTimers(), Jest, irinṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì yín, á yọ setTimeout gidi kúrò, á fi tiẹ̀ sípò. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìnà. Aago tuntun yìí kì í dá rìn. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ báyìí wà fún 300 ni. Ẹ jókòó tì í di ọ̀la, òdo náà ló ṣì wà, àfi tí ẹ bá fọwọ́ tì í: jest.advanceTimersByTime(299), ìbéèrè kò gbọdọ̀ tíì jáde. Ẹ ti 1 sí i, kó jáde. Ẹ yẹ méjèèjì wò. Ẹni tó yẹ 300 nìkan wò kò mọ̀ bóyá kóòdù rẹ̀ tiẹ̀ dúró rárá.

Promise ni èsì tí sáfà ń dá padà, aago kọ́ ló ń darí rẹ̀. Tí ẹ bá ti aago tán, tí ẹ wojú ìwé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èsì ò tíì dé. Ẹ lo advanceTimersByTimeAsync, kí await ṣíwájú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ bí Promise ṣe ń tò sórí ìlà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan ká mi lára ju ìyẹn lọ. user-event ló ń bá tẹ́ẹ̀sì tẹ lẹ́tà bí èèyàn; nínú ẹ̀dà 14 rẹ̀, setTimeout ló fi ń sinmi láàárín lẹ́tà kan sí èkejì. Bí aago bá ti dúró, ìsinmi yẹn ò ní tán. Tó bá di sẹ́kọ́ǹdì 5, Jest á pa tẹ́ẹ̀sì náà. Làwọn kan bá sún 5 di 30! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé ṣe é. Kò sí ohun tó ń bọ̀ tí ẹ ń dúró dè. Ẹ kọ userEvent.setup({ advanceTimers: jest.advanceTimersByTime }), kí ẹ sì pe jest.useRealTimers() nínú afterEach, kí tẹ́ẹ̀sì tó kàn má bàa bá aago tó ti kú.