Kí Ni Kí Á Mu Kí Iṣẹ́ Abẹ Tó Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí á sọ pé bàbá kan gbéra láti Ẹ̀sìẹ́, ó lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán fún iṣẹ́ abẹ ìpá. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ jẹun láàárọ̀. Àánú ọkọ ṣe ìyàwó rẹ̀. Ó po Milo pẹ̀lú mílíìkì, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ mu ún. Omi ṣá ni."

Ṣé omi ni? Rárá o.

Nígbà tí a bá lajú, bí oúnjẹ bá fẹ́ ṣìnà lọ́fun, a ó wúkọ́. Ṣùgbọ́n oògùn oorun tí dókítà ń lò máa ń kun ọ̀fun náà lóorun. Bí nǹkan bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá, kí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí lè pani. Ní 1946, dókítà Curtis Mendelson ní New York kọ̀wé nípa obìnrin 66 tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí nígbà ìrọbí. Oúnjẹ há méjì nínú wọn ní ọ̀nà èémí, wọ́n sì kú.

Ohun mímu kò rí bákan náà. Omi lásán kì í pẹ́ nínú ikùn; à ń fún un ní wákàtí 2. Mílíìkì a máa dì nínú ikùn bíi wàrà; wákàtí 6 ni tirẹ̀. Ògì àti kúnnú, oúnjẹ ni wọ́n. Ẹran àti ọbẹ̀ olóròóró lè gba wákàtí 8. Ọmọ ọwọ́ tó mu ọmú ìyá, wákàtí 4. Àtọ̀gbẹ, ìrora àti ìrọbí a máa mú kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ilé-ìwòsàn kan a tilẹ̀ máa fún aláìsàn ní omi dídùn tó mọ́ gaara, kí ebi má baà pa á. Ṣùgbọ́n dókítà ni yóò pàṣẹ rẹ̀, kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe ìyá.

Bí ẹ bá ti jẹ tàbí mu, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́. A lè dá ọjọ́ mìíràn fún iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá kú kò ní ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ sọ ìgbà tí ẹ jẹun kẹ́yìn, kí dókítà lè mọ bí yóò ti ṣọ́ yín.

Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ àti aago tí ẹ jẹ ẹ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.