Ìkòkò Olùkọ́ Tí Ó Lọ Dánra Wò

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwa tí a ti lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju àwọn tí kò tíì lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa níhìn-ín, agogo oúnjẹ a máa dún, a ó sì bá àwo wa lórí tábìlì. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a ráhùn díẹ̀, a sì jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rán wa lọ sí ìlú tí a kò ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n nínú rẹ̀, tí a gba yàrá kan, tí a sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ tí a ó máa ná títí ìdánrawò yóò fi parí, nígbà náà ni a ó mọ̀ pé oúnjẹ sísè jẹ́ ẹ̀kọ́ kan tí a kò tíì kọ́. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ ohun tí ojú wa rí sínú ìwé ìròyìn wa yìí, kí àwọn tí yóò lọ lẹ́yìn wa má baà ṣe irú àṣìṣe tí a ṣe.

Àwa mẹ́rin ni a wà nínú yàrá kan. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, olúkúlùkù ń dá oúnjẹ tirẹ̀ jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ìṣáájú dùn púpọ̀, nítorí búrẹ́dì àti ẹyin àti ẹja inú agolo ni a ń jẹ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin, owó ti fúyẹ́ lọ́wọ́ wa, a sì sá tọ gààrí lọ. Gààrí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ṣúgà, gààrí ní ọ̀sán láìsí ṣúgà, ẹ̀bà ní alẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí a ti bu omi lé títí kò fi rántí ata mọ́. Inú wa a máa kún bámúbámú, síbẹ̀ bí ó bá di agogo 11, òòyì a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wa níwájú àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa jókòó sórí àga ní àárín ẹ̀kọ́ ìṣirò, kò sì lè dìde mọ́ títí àwọn ọmọ fi sáré lọ pe ọ̀gá wọn. A kò lè sọ pé gààrí nìkan ni ó fà á, nítorí oorun rẹ̀ pẹ̀lú kò tó. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ náà ni ó mú kí a bẹ̀rẹ̀ sí ronú.

A kò sọ èyí láti ba orúkọ gààrí jẹ́. Gààrí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, kò béèrè iná, ó sì ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe é kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ará Pọtogí ti gbé e wá sí Áfíríkà. Ó ń fún ara ní agbára láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú ara dàgbà, tí ó sì ń tún un ṣe, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù gààrí, irú èròjà bẹ́ẹ̀ kò ju gíráàmù 1 tàbí 2 lọ. Nínú 100 gíráàmù àgbàdo gbígbẹ, ó tó bí 9. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ, ó lé ní 20.

Ẹ̀wẹ̀, àgbàdo nìkan kò tó. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà, ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọdé ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí. Ní ọdún 1933 ó kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó ń mú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wú, tí ó sì ń bó wọn lára. Ó kíyèsí i pé ẹ̀kọ àgbàdo ni a fi ń bọ́ wọn lẹ́yìn tí a ti já wọn lẹ́nu ọmú. Ní ọdún 1935 ó tẹ orúkọ tí àwọn ará Gá ń pe àìsàn náà jáde, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí a ti bí àbúrò lé. Àwa tí a ti dàgbà kò ní ìbẹ̀rù àìsàn yìí bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ọmọ tí yóò jókòó níwájú rẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà, èyí tí ó sì ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kankan kí wọn tó máa fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ, tàbí kí wọn tó máa se àdàlú.

Àdàlú yìí ni ó gbà wá. Ìyá onílé wa ni wọ́n kọ́kọ́ bá wa wí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wo ìkòkò mẹ́rin lórí sítóòfù mẹ́rin, wọ́n ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ẹ ń bá ara yín jà ni?” A dáhùn pé, “Rárá o, ìyá.” Wọ́n ní, “Kí ló dé tí iná mẹ́rin fi ń jó nítorí ẹnu mẹ́rin?” Láti ọjọ́ náà ni a ti pa owó wa pọ̀, tí a ń se ìkòkò kan. Owó kẹrosíìnì nìkan tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ń ra ẹja gbígbẹ fún wa.

Báyìí ni a ti ń ṣe é. Ẹ̀wà olóyin ni kí a rà bí a bá rí i, nítorí ó tètè ń rọ̀, ó sì ń dùn láìsí wàhálà. Kí a bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí a wò ó bóyá kòkòrò ti lu ú, kí a sì gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí ó bá ń rùn bí oògùn apakòkòrò, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á, bí ó ti wù kí ó pọ́n. Kóńgò kan ń tó àwa mẹ́rin se ní ìgbà mẹ́ta. Ní alẹ́, a ó ṣa ẹ̀wà, a ó fọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A ó rẹ àgbàdo gbígbẹ sínú àwo mìíràn. Ní òwúrọ̀, a ó da omi méjèèjì nù. Rírẹ yìí ń dín iná kù púpọ̀, ó sì ń dín afẹ́fẹ́ kù nínú ikùn, ohun tí olùkọ́ tí ó fẹ́ dúró níwájú kíláàsì kò gbọdọ̀ fojú kéré.

Àgbàdo gbígbẹ ni kí ó kọ́kọ́ wọ inú ìkòkò, nítorí ó le ju ẹ̀wà lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgbà àgbàdo tútù, kí ẹ̀wà ṣáájú. Kí a bo ìkòkò dáradára. Àwọn kan a máa sọ káún sí i kí ó baà tètè rọ̀. Òtítọ́ ni pé ó ń rọ̀, ṣùgbọ́n káún ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, ẹni tí ó bá sì ti rẹ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́jú kò nílò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà bá ti hó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ń gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, a ń fi aṣọ ìbora àtijọ́ wé e yíká, a ó sì gbé e sínú agbọ̀n fún wákàtí kan. Ooru inú rẹ̀ ni yóò máa sè é lọ láìná kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú wa kò gba èyí gbọ́ títí ó fi jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé e padà sórí iná, a ó fi àlùbọ́sà, ata, edé àti iyọ̀ sí i, a ó sì da epo pupa lé e. Kí a má ṣe yọ́ epo náà títí yóò fi funfun, nítorí nínú pípọ́n rẹ̀ ni ohun tí ara ń sọ di fítámì A wà.

Ní ti ọbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kì í wọ́n ní ìgbà òjò, irú sì ń ṣe iṣẹ́ ju adùn lọ, nítorí òun pẹ̀lú ní èròjà tí ń mú ara dàgbà. Kí a má ṣe bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, kí a má sì fún omi rẹ̀ dànù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè ṣàìsọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ń rán àwọn ọmọ kíláàsì wọn lọ wá igi ìdáná, tàbí tí ń ní kí wọn mú iṣu wá láti ilé. Kò yẹ wá. Ọmọ tí ó mú iṣu wá fún tíṣà lè jẹ́ ọmọ tí kò jẹ nǹkan wá sí ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ náà.

Àdàlú tí ó bá ṣẹ́kù, níwọ̀n ìgbà tí a kò ní ẹ̀rọ amóúnjẹtutù, kí a gbé e kaná títí yóò fi hó ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀. Bí ó bá ti kan, kí a dà á nù láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tiwa kan, ní ọjọ́ tí olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ti gbé e kaná. Láti ìgbà náà ni a ti kọ orúkọ ẹni tí ó kàn sára ògiri. Nígbà tí ìdánrawò parí, owó ọkọ̀ wa pé, ẹ̀wà bí ìlàjì kóńgò sì ṣẹ́kù nínú àpò. A gbé e fún ìyá onílé wa. Wọ́n sì fi í din àkàrà tí a jẹ lọ́nà.