Ìkànnì tí Olè Wọ̀: Ìwádìí àti Àtúnṣe Rẹ̀

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì mu. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àlàfo kan hàn nínú WordPress 4.7 àti 4.7.1, èyí tí ó jẹ́ kí àlejò lè yí ọ̀rọ̀ ojú ewé padà láìlo ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ̀dà 4.7.2 jáde ní ọjọ́ 26 oṣù náà láti dí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ni kò tètè gba àtúnṣe yìí. Nígbà tí àlàyé àlàfo náà di mímọ̀ ní oṣù kejì, àwọn olè ba ojú ewé wọn jẹ́.

Olè tí ó ṣòro mọ̀ jù ni èyí tí kò fọ́ nǹkan kan lójú onílé. Iyì tí ìkànnì náà ní lọ́dọ̀ Google ni ó ń wá. Yóò kó ọ̀pọ̀ ojú ewé ayédèrú tí ń polówó oògùn tàbí ọjà mìíràn sínú rẹ̀. Bí Google bá yà síbẹ̀, ayédèrú ni yóò fi hàn án. Bí onílé bá wọlé, ojú ewé àtijọ́ ni yóò rí. Ìdí nìyí tí onílé fi ń wí pé kò sí ohun tí ó ṣe ìkànnì òun, nígbà tí àwọn oníbàárà kò rí i mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrẹ̀sílẹ̀ ni ó ti ọwọ́ olè wá, nítorí Google a máa yí ìlànà rẹ̀ padà. Ẹ̀rí ni yóò yanjú ọ̀rọ̀:

(i) Kí onílé tẹ site: mọ́ orúkọ ìkànnì rẹ̀ nínú Google, kí ó wá ojú ewé tí kò mọ̀.
(ii) Kí ó wo abala ààbò nínú Search Console, kí ó sì yẹ ohun tí Google gan-an rí wò níbẹ̀.
(iii) Kí ó wo orúkọ àwọn tí ibẹ̀ kà sí onílé. Olè lè ti fi ara rẹ̀ kún wọn.

Ní ti àtúnṣe, pípa ayédèrú rẹ́ nìkan kò tó. Kí onílé kọ́kọ́ ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rí, kí ó yọ àwọn aṣàmúlò tí kò mọ̀, kí ó sì pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi fáìlì tuntun láti orísun rẹ̀ rọ́pò ti WordPress àtijọ́, kí ó yẹ .htaccess wò, kí ó sì wá fáìlì PHP nínú àpò àwòrán, níbi tí kò yẹ kí ó wà. Ojú ewé ayédèrú gbọ́dọ̀ máa dáhùn 404 tàbí 410.

Ìgbà tí àlàfo bá dí tán ni ó tọ́ kí onílé bẹ Google pé kí ó tún un yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá sáré bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ògiri ṣì lanu, olè yóò padà, ìkìlọ̀ yóò sì bá a padà. Ipò àtijọ́ kì í dé lọ́jọ́ kan. Google gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìkànnì náà kà.